Ẹsẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Vandermolen Nínú Àwo Orin

"Tíṣà, ṣé ẹ gbàgbé iná pupa yẹn ni, àbí ẹ rí i?"

Elna Wiersma ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà náà, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń bẹ ológbò pé kó dìde lórí àga lọ. Ó ti gbé ìbéèrè náà kiri inú láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti bi dígí, ó ti bi ajá ilé wọn, kó tó wá lè bi ẹni tó ni ìdáhùn. Fíólà wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ọ̀pá tó fi ń ta á sì wà lórí okùn.

Ọ̀gbẹ́ni Orrin Vandermolen kọjú sí fèrèsé. Yìnyín ń bọ́ níta, kò yára, kò sì dáwọ́ dúró. Bàbá náà wò ó títí, bí ẹni pé ẹnì kan ní kó wá ṣọ́ ọ.

"Ìka rẹ kẹta ti lọ sílẹ̀," ó ní. "Tún un ta."

Elna tún un ta. Ìbéèrè náà sì wà nílẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn méjèèjì, bí àpótí tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò tú.

Ẹni tó bá mọ bàbá yìí kò ní bínú sí i. Overberg tó wà létí adágún Michigan kì í ṣe ìlú ẹlẹ́nu dídùn. Ìyìn ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ bí oòrùn oṣù kejì, nígbà tí yìnyín bo gbogbo ìlú. Bí ìyàwó bá se ọbẹ̀ ẹ̀wà ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀, tó dùn débi pé ọkọ fi búrẹ́dì nu àwo títí àwo fi ń dán, ohun tí ọkọ yóò sọ kò ju "Ó ṣe é jẹ" lọ. Ìyàwó yóò sì gbé àwo lọ sí ìdí omi pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, nítorí ó mọ̀ pé òun ti gba oyè.

Láàárín àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ pàápàá, ahọ́n Orrin tún wúwo ju ti ẹlòmíì lọ. Ilé iṣẹ́ àga ló ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ẹsẹ̀ àga ni iṣẹ́ tirẹ̀. Yóò fi sáńpépà ha á, yóò fẹ́ eruku kúrò, yóò sì fi àtàǹpàkò tọ́ ọ láti òkè délẹ̀. Bí kò bá ti sọ nǹkan kan, ó dára nìyẹn. Bí kò bá dára, yóò ní, "Tún un ṣe." Bó ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọṣẹ́ ló ṣe ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Kò sí ìkà níbẹ̀. Kò kàn rò pé ohun tó dára nílò ẹlẹ́rìí ni.

Ó ń ta fíólà, ẹ̀gbọ́n fayolíìnì, tí ohùn tirẹ̀ jìn díẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹgbẹ́ eléré ìlú Overberg máa ń péjọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta tó wà lórí òkè, Orrin a sì jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn láàárín àwọn onífíólà. Wọ́n ti fi àga iwájú lọ̀ ọ́ rí. Ó ní ibi tí òun wà kò ṣe òun ní nǹkan kan.

Marlys nìkan ni ọmọ tó bí. Ọmọ náà kò tíì ga tó tábìlì nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé fíólà kékeré lé e léjìká. "Tún un ta" wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí etí rẹ̀ kọ́kọ́ mọ̀ dunjú. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, lọ́jọ́ kan, ó tẹ́ fíólà sínú àpótí rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó pa ìdérí dé, ó ní, "Dádì, mo ti tún un ta tán." Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìwo idẹ kan dé láti ilé ìwé, ìwo ńlá tó ká bí ìgbín, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Orrin wo ìwo náà yí ká.

"Ó tóbi," ó ní.

Ó parí síbẹ̀. Marlys dàgbà, ó di òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, ó wọ ẹgbẹ́ eléré ìlú. Àwọn afunwo ló ń jókòó lẹ́yìn àwọn onífíólà gan-an, nítorí náà ẹ̀yìn orí bàbá rẹ̀ ló ń rí ní gbogbo Ìṣẹ́gun, àti etí rẹ̀ méjèèjì tí òtútù máa ń sọ di pupa. Òun ló ń fi mọ́tò gbé bàbá náà lọ, òun náà ló ń gbé e bọ̀. Lójú ọ̀nà wọn a sọ̀rọ̀ nípa yìnyín àti táyà. Bí mọ́tò bá ti ń wọ ẹ̀gbẹ́ ilé Orrin, bàbá a fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, a ní, "O wọlé lásìkò." Ìyẹn ni pé, nígbà tó yí kan ìwo láti dún, ìwo dún nígbà tó yẹ. Láti ọdún tó ti wọ ẹgbẹ́, kò gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àṣà kan wà láàárín àwọn eléré. Ọwọ́ wọn kì í ṣófo: ẹni tó di fayolíìnì mú kò lè pàtẹ́wọ́, ẹni tó di fèrè mú kò lè pàtẹ́wọ́. Nítorí náà ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń pa á. Bí ẹnì kan bá dá orin tirẹ̀ ta nígbà ìdánrawò, tí ó sì wọ àwọn tó kù lára, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra ilẹ̀: ṣàà, ṣàà. Ohùn náà kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá gbá ewé gbígbẹ kọjá. Ṣùgbọ́n kò sí eléré tí kì í ronú nípa rẹ̀ kó tó sùn.

Orrin kì í ra ẹsẹ̀. Ariwo lásán ló kà á sí. Ta ni ì báà ta, ohun tí ì báà ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì a dúró síbi kan náà bí bàtà tí wọ́n tò sí fèrèsé ilé ìtajà. Marlys mọ̀. Ìgbàkigbà tó bá dá ìwo fun tán, tí ilẹ̀ ń dún ṣàà káàkiri, kì í wo ẹni tó ń ra ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì tí kò mira, àwọn ló máa ń wò.

Adarí ẹgbẹ́ náà ni Ìyáàfin Ruth Haverkamp, obìnrin kúkurú kan tí kò lè gbàgbé ẹni tí wọ́n gbàgbé. Ó ní orin àwọn ará Amẹ́ríkà tó kọ orin ńláńlá sílẹ̀ pọ̀ jọjọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń sùn, nígbà tó jẹ́ pé orin àwọn ará òkè òkun nìkan ni gbogbo ẹgbẹ́ ń ta. Ó kọ̀wé kiri títí ilé iṣẹ́ àwo orin kékeré kan fi gbà láti rán ọ̀kan nínú àwọn èèyàn wọn wá pẹ̀lú ẹ̀rọ, kí wọ́n gba irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Overberg. Èyí tó gùn jù nínú rẹ̀ jẹ́ ti Ada Quillen, obìnrin arúgbó kan ní Ohio tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní orin. Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n ta orin náà rí, nígbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú. Kò sí àwo rẹ̀ níbikíbi. Ìwo kan ló dá bẹ̀rẹ̀ ìpín kejì rẹ̀, ìwo náà ló sì dá parí rẹ̀. Marlys ló kàn.

Ó fi oṣù mẹ́ta gbára dì. Ó ń fun ún ní gáréèjì kí aládùúgbò má baà bínú. Ó ń fi ẹnu lásán fun ún níbi tó ti ń to lẹ́tà.

Oṣù kejì ni wọ́n mú, nítorí yìnyín máa ń gbé ariwo títì mì. Ìyáàfin Haverkamp rọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí ń kó yìnyín kúrò lójú títì pé kó má ṣe gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ọkùnrin náà sì búra pé bí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ bá rì sínú yìnyín, òun ò ní débẹ̀ títí wọn á fi ṣe tán. Wọ́n pa ẹ̀rọ tó ń mú ṣọ́ọ̀ṣì móoru, torí ó ń kùn. Gbogbo ẹgbẹ́ jókòó pẹ̀lú kóòtù àti ìbọ̀wọ́ tí wọ́n gé orí ìka rẹ̀. Ẹni tó wá láti ilé iṣẹ́ àwo, Simeon Pell, wọ yàrá pásítọ̀ lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ló ń jáde láti inú àpótí kan lára ògiri. Wọ́n gbé iná pupa kékeré kan sórí ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ adarí. Bó bá ti ń tàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa imú, àga kò gbọdọ̀ dún. Bí orin bá parí pàápàá, wọ́n ní láti dúró bí ère títí ìró tó kù lókè àjà yóò fi kú tán, tí iná yóò sì kú tẹ̀ lé e.

Kò sẹ́ni tó bọ̀wọ̀ fún iná náà tó Orrin. Òun ló ń yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ wo iná." Òun ló gba Elna láyè láti wá jókòó sí òkè ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn èwe máa ń wà lọ́jọ́ Ìsinmi, nítorí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ yẹ kó gbọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń rí.

"Ẹ ṣé, Tíṣà," Elna wí.

"Tó o bá fẹ́ sín," ó ní, "gbé e mì."

Wọ́n ta ìpín kejì lẹ́ẹ̀kan, okùn fayolíìnì kan já. Wọ́n tún un ta, ẹnì kan wú ikọ́. Ohùn Simeon Pell jáde láti ara ògiri, ó ní kí wọ́n mú sùúrù, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Iná tàn.

Ìwo Marlys dún. Elna kò tíì gbọ́ ọ báyìí rí, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bíi pé kì í ṣe pé ó ń fun ìwo, bí kò ṣe pé ó kàn ṣí ilẹ̀kùn kan, tí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì jáde wá fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ gbè é, wọ́n bá a lọ, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní ìkẹyìn kó dá parí rẹ̀. Ohùn tó gbẹ̀yìn ga, ó sì tinrín. Ibẹ̀ ni ètè afunwo máa ń yẹ̀. Ètè Marlys kò yẹ̀. Ohùn náà lọ sókè sínú àwọn igi àjà, ó ń dínkù, ó ń dínkù, ó ṣì wà níbẹ̀.

Elna rí gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ó rí ọwọ́ adarí tó wà lókè. Ó rí iná tó pọ́n bí ẹyinjú ẹyẹlé. Ó rí Orrin. Bàbá náà ti gbé ojú sókè, ó sì ń wo iná náà gan-an, ojúkojú, bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó fẹ́ bá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni bàtà rẹ̀ mira. Ṣàà-fù. Ṣàà-fù.

Iná kú. Ohùn jáde láti ara ògiri, ó rọ̀ bí ohùn dókítà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, èyí ni mo ń wá kiri láti àárọ̀. Ta ló ni ẹsẹ̀?"

Orrin na ọ̀pá fíólà rẹ̀ sókè. "Èmi ni. Mo gbàgbé iná."

Ẹ̀rín bú. Dirk Postma, tó máa ń bá a wo ìwé orin kan náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Orrin! Ìwọ? Ìwọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mí sun pásítọ̀ láàárọ̀ yìí torí pé mo fa imú?"

"Mo ní mo gbàgbé."

"Ó dáa, ó dáa. Ẹ fi bàtà bàbá sí àtìmọ́lé!"

Marlys nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìwo ṣì wà lórí itan rẹ̀. "Dádì," ó ní, kò pariwo, "ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lè fun ún bẹ́ẹ̀."

Orrin kò bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n tún un ta títí. Ṣùgbọ́n ètè afunwo kì í ṣe irin, ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Marlys kò ṣì í, ìwo mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ó ń rìn bí ẹni tó gbé àwo ọbẹ̀ kíkún kọjá lórí kápẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì. Lẹ́yìn náà àwọn ìyá ìjọ dé láti to tábìlì oúnjẹ alẹ́, Ìyáàfin Haverkamp sì ní ó tó.

Ada Quillen ti wà ní àga iwájú láti àárọ̀, pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì lórí orúnkún. Nígbà tí Orrin ń kọjá, ó fi ọ̀pá rẹ̀ dá a dúró.

"Mo ti ń dúró láti ìgbà tí wọ́n ti bí àwọn ọmọ wọ̀nyí," ó ní. "Ó kéré tán, ẹsẹ̀ méjì fẹ́ràn orin mi ní Overberg."

"Mo gbàgbé iná ni, mà."

"Ẹn-ẹ́n," ni ìyá arúgbó wí.

Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, Simeon Pell fi méjèèjì ránṣẹ́: èyí tó mọ́ àti èyí tó ní ẹsẹ̀. Ó ní òun kò lè gé ẹsẹ̀ náà kúrò, torí inú ìró ìwo tó ń kú lọ ló bọ́ sí. Bí wọ́n bá gé e, wọ́n á gé ìparí orin mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú. Ìyáàfin Haverkamp pe Ada Quillen lórí fóònù. Arúgbó náà ní kí ẹni tó fun ìwo yàn.

Marlys kò yàn. Ó ṣì ń gbé bàbá rẹ̀ lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀rọ̀ yìnyín mọ́, wọn ò sọ̀rọ̀ táyà. Kì í ṣe ariwo ẹsẹ̀ náà ló ń dùn ún jù. Ohun tó ń dùn ún ni pé bàbá rẹ̀ gbàgbé. Ẹni tí kì í gbàgbé iná bí ẹlòmíì bá ń ta, ìgbà tó kan ọmọ rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ lọ síbòmíì.

Lọ́jọ́ kan tí Elna wà nílé Orrin fún ẹ̀kọ́ rẹ̀, Marlys wọlé láì kanlẹ̀kùn, pẹ̀lú yìnyín lórí bàtà. Ó fi àwo sínú ẹ̀rọ tó wà lórí pẹpẹ.

"Ẹ gbọ́ méjèèjì, Dádì. Ẹ sọ èyí tí mo máa mú."

Ó kọ́kọ́ fi èyí tó mọ́ sí i. Orrin gbọ́ ọ títí dé òpin pẹ̀lú ọwọ́ lórí orúnkún.

"O wọlé lásìkò," ó ní.

Ó wá fi ìkejì sí i. Nígbà tí ìwo bẹ̀rẹ̀, Orrin dìde. Ó ní òun fẹ́ gbé omi kaná. Ó wọ kíṣìnì, wọn kò sì gbọ́ ìró omi, wọn kò gbọ́ ìró kẹ́tùrù. Ìwo parí. Ṣàà-fù. Ṣàà-fù.

Marlys dúró, ó na ìka sí ẹ̀rọ náà. "Ṣó o gbọ́ 'fù' yẹn? Bàtà òsì ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fi àlòkù rọ́bà ilé iṣẹ́ lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ n gbé e lọ fún oníbàtà, ó kọ̀." Ó wo Elna. "Ìwọ wà lókè lọ́jọ́ yẹn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí lo rí?"

Gbogbo ohun tí Elna rí ló padà wá sí ojú rẹ̀. Ojú bàbá náà, iná náà, bí ojú ṣe wo iná. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, òun sì kéré, ilé onílé ló sì wà. "Iná ṣì ń tàn, mà," ó ní.

"Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń tàn, ọmọ mi." Marlys yọ àwo rẹ̀, ó sì jáde.

Ojú ti Elna fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ní ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e, ó béèrè ìbéèrè tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, tí Tíṣà sì fi ìka kẹta dá a lóhùn. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kò dáa rárá. Síbẹ̀, nígbà tó ń lọ, Orrin mú súìtì mínńtì funfun kan jáde nínú àpò, irú èyí tí wọ́n máa ń lá nínú ṣọ́ọ̀ṣì bí ìwàásù bá gùn, ó sì fi í lé e lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tó bá lọ dáadáa nìkan ló máa ń fún un ní mínńtì fún. Elna lá a délé, kò sì mọ ohun tí òun ń lá.

Marlys gbé àwo náà sínú mọ́tò. Ó ń gbọ́ ọ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán ní ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, pẹ̀lú búrẹ́dì oníwàràkàṣì lórí itan. Ó gbọ́ ọ títí ó fi gbọ́ ohun tí kò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ra ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó gbàgbé iná á rántí lẹ́yìn àkọ́kọ́, jìnnìjìnnì á mú un, á sì dáwọ́ dúró. Èyí kò dáwọ́ dúró. Ó ra ilẹ̀, ó sinmi díẹ̀, ó sì tún ra á, láìkánjú, bí ẹni tó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹsẹ̀ àga láti òkè délẹ̀.

Kò dá a lójú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó pe Ìyáàfin Haverkamp.

"Èyí tó ní ẹsẹ̀ ni kí wọ́n fi sí i."

"Marlys, ṣó dá ẹ lójú? Títí ayé ni o. Kí ló dé?"

Marlys nu èérún búrẹ́dì kúrò lórí itan. "Ó wọlé lásìkò," ó ní.

Nígbà tí àwo náà jáde, gbogbo ẹgbẹ́ kóra jọ sí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láti gbọ́ ọ pẹ̀lú kọfí àti bisikíìtì. Ada Quillen kò lè wá, ṣùgbọ́n ó wà lórí fóònù, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n dákẹ́ nígbà tí ìwo ń dún. Nígbà tí ẹsẹ̀ dé, ilé dàrú.

"Orrin, ẹsẹ̀ rẹ ti gbajúmọ̀ jù ẹ́ lọ!"

"Ṣé wọ́n á máa pè é fún òde?"

"Ẹ jẹ́ kí bàtà òsì fọwọ́ sí ìwé mi!"

"Mo gbàgbé iná," Orrin wí, ó sì tún ki bisikíìtì sínú kọfí. Marlys ń wo inú kọ́ọ̀bù tirẹ̀. Nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ táyà.

Báyìí ni ọdún ṣe ń yí. Èjìká Orrin bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Ó tún okùn fíólà rẹ̀ ṣe, ó nù ún, ó sì gbé e fún Elna pé kó máa tọ́jú rẹ̀ fún òun. Elna ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọdún tó kẹ́yìn nílé ìwé. Ìyáàfin Haverkamp gbà á sínú ẹgbẹ́, ó sì ní kó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dirk Postma.

"Má fa imú," Dirk sọ fún un. "Àga yẹn ò fẹ́ ẹ."

Ní oṣù kejì ọdún náà, Simeon Pell tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ́kùnrin kan láti Detroit ló kọ orin tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀, ẹni tó gbọ́ orin Ada Quillen nínú àwo Overberg tó sì kọ̀wé pé ìwo yẹn ni òun fẹ́. Orrin ní òun fẹ́ wá gbọ́ ọ. Wọ́n mú un lọ sí òkè ṣọ́ọ̀ṣì, síbi tí Elna jókòó sí lọ́jọ́ kìíní. Marlys kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Dádì, ẹ bọ́ bàtà."

"Òtútù ń mú."

"Ìbọ̀sẹ̀ yín nípọn. Ẹ bọ́ ọ."

Wọ́n bọ́ ọ. Simeon Pell rẹ́rìn-ín láti ara ògiri, ó ní òun kò tíì rí ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú òun báyìí. Iná tàn. Marlys fun ìwo rẹ̀. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún, ohùn rẹ̀ ti jìn sí i, kò wá nǹkan kan mọ́, ó kàn ń sọ ohun tó mọ̀. Láti àga tí kì í ṣe tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, Elna gbọ́ bí ó ṣe ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lọ sókè. Orin parí. Gbogbo wọn dúró. Ìró kú, iná kú. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ra ilẹ̀ káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì, ṣàà, ṣàà, ti Elna náà wà níbẹ̀. Ó yíjú sókè. Orrin ń ra ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ mọ́ pákó, ojú rẹ̀ kò yí padà, kò sì dún rárá.

Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi, Elna àti Marlys gun òkè lọ bá a. Marlys tún kúnlẹ̀ láti so okùn bàtà fún un, torí kò lè tẹ̀ba mọ́. Ó so ọ̀tún, ó bọ́ sí òsì, èyí tó ní rọ́bà. Orrin ń wo Elna lórí irun ọmọ rẹ̀.

"Ìbéèrè tó o bi mí lọ́jọ́sí," ó ní.

"Èwo, Tíṣà?" Ṣùgbọ́n Elna mọ̀ ọ́n.

Ọwọ́ Marlys dúró lórí okùn bàtà.

"Mo rí i," Orrin wí. "Ó ń tàn rekete. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń di ẹsẹ̀ méjèèjì mú, lọ́jọ́ yẹn wọn ò gbọ́ tèmi mọ́."